Ìyá Mi, Ẹ Má Tíì Wá Wẹ Ọmọ Bísí

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá wa, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Sùúrù àti gbogbo ìyàwó ilé. Mo gbọ́ pé ẹ ti di ẹrù. Ìyàwó Sùúrù ló sọ fún mi pé ọṣẹ dúdú, òrí àti kànrìnkàn tuntun ti wà nínú báàgì lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àǹkárá mi ní ọjà Missèbo ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Mo kọ ọ́ sí gbangba kí àwọn ìyá mìíràn tí ọmọ wọn wà ní Niamey lè bá yín kà á, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé wa nìkan.

Ìyá mi, ẹ má tíì bọ̀.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Gbogbo ọmọ agboolé wa ní Ṣakí, ọwọ́ yín ni wọ́n ti gba ìwẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin lẹ tẹ orí mi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ń sọ pé ó rí roboto jù. Bísí àbúrò mi ti wọ oṣù rẹ̀ báyìí, àkọ́bí rẹ̀ sì ni. Ó yẹ kí ẹ wà níbẹ̀.

Ọ̀nà ni kò sí. Tẹ́lẹ̀, èèyàn á wọ bọ́ọ̀sì ní Cotonou níbí, á gba Parakou dé Malanville, á fi káàdì ìdánimọ̀ lásán kọjá lórí afárá Odò Ọya, ó di Niamey. Bẹ́ẹ̀ ni Bísí ṣe lọ bá ọkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger, ẹgbẹ́ ọrọ̀-ajé tí àwọn orílẹ̀-èdè wa jọ wà nínú rẹ̀ ti ẹnubodè mọ́ wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà wá ní kí wọ́n ṣí i, Niger kò ṣí tirẹ̀. Ó bínú jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Àwọn aláṣẹ ṣì ń sọ lórí rédíò pé káàdì wa ń ṣiṣẹ́. Káàdì kì í ṣí afárá.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ yìí níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Alájì Hárúnà, ọmọ Niger tó ń ta òkìrìkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àti Màmá Chantal, obìnrin Fọn tó ń ta òwú ìránṣọ, ni kì í gbà fún ara wọn. Màmá Chantal bi Alájì pé ẹni tó ti jáde nínú àjọ, ṣé ó ṣì ń bèèrè ẹni tó kàn láti kó? Alájì ní àjọ wo ló ń ti ọmọ ẹgbẹ́ mọ́lé? Ó ní àwa la kọ́kọ́ tilẹ̀kùn, a wá ń bínú pé àwọn gba fèrèsé jáde. Màmá Chantal ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó gba fèrèsé jáde kó má retí kí wọ́n kí òun káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá jà tán, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹ àkàsà.

Wọ́n ní kí n dá ẹjọ́ wọn, ṣebí ọrọ̀-ajé ni mo kà ní yunifásítì. Mo ní ìyà tí ẹgbẹ́ fi jẹ Niger kò kan àwọn ológun, àwọn tálákà ló kàn. Mo ní jíjáde tí Niger jáde kò sì dín ìyà náà kù. Alájì ní mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá oníbàárà rẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń wá ra àǹkárá lọ sí Niamey kò wá mọ́, ọjọ́ mìíràn sì wà tí n kò ní sọ ju ìkíni lọ títí tí zémìjàn, ọ̀kadà ìhín, yóò fi gbé mi la omi òjò kọjá lọ sílé ní Godomey.

Àwọn èèyàn ń fi ọkọ̀ ojú omi sọdá. Alájì fi lọ, ó fi bọ̀. Ó ní odò ti kún, èèyàn méjì ló di òun mú kí òun tó wọ inú ọkọ̀, kí n má jẹ́ kí ìyá tí orúnkún ń dùn dán an wò. Ọ̀nà Ṣókótó, bàbá fúnra wọn ní kò ṣeé gbà. Mo bèèrè owó ọkọ̀ òfurufú ní pápákọ̀ Cadjèhoun. Apá èmi àti ọkọ Bísí kò ká a.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé Bísí ti bi wá léèrè tẹ́lẹ̀. Oyún kò tíì hàn nígbà náà, odò ṣì fà, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ó ní ṣé kí òun máa bọ̀ ní Ṣakí wá bímọ. Gbogbo wa la ní ilé ọkọ ni a ń bí àkọ́bí sí, pé ìyá ló ń lọ bá ọmọ, kí aráyé má baà sọ pé ọkọ lé e. A tún rò pé àwọn aláṣẹ yóò ti parí ìjà wọn. Ọ̀nà ni ó bèèrè, àṣà ni a fi dá a lóhùn.

Hàjíà tó ni ilé tí wọ́n ń gbé ni yóò wẹ ọmọ náà. Bísí ní obìnrin dáadáa ni, ṣùgbọ́n kì í ju ọmọ sókè, kì í na apá wọn. Ẹ fi báàgì náà rán awakọ̀ Ṣakí sí mi. Alájì ti gbà láti gbé e lọ. Bísí tún bèèrè bí omi ṣe ń gbóná tó. Mo ní ìgúnpá ni ẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Ó ní òun mọ̀, ìgúnpá yín gan-an ni òun ń sọ. Ó ní kí n má sọ fún yín pé òun sunkún.

Bí wọ́n bá ṣí afárá, èmi fúnra mi yóò mú yín lọ. N kò ní purọ́ fún yín, Ìyá mi: ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ọmọ náà yóò fi rìn wá pàdé yín, tí kò ní sí ohun tí ẹ óò wẹ̀ mọ́ ju eruku àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́run sọ Bísí kalẹ̀ láyọ̀, ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Kí ẹ̀mí yín gùn dé ọjọ́ tí ọ̀nà yóò là. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, lọ́mọdé lágbà, ẹ sì bá mi rọ bàbá kí wọ́n má bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Èmi ni ọmọ yín ní Cotonou,
Àkànní