Ṣòkòtò Tí Mo Wọ̀ Wọ Ọ̀yọ́

Bàbá mi,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà. “Ẹ kú àárọ̀” ni mo kọ́kọ́ kọ, mo sì pa á rẹ́, nítorí mi ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń mọ́ níbẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ ilẹ̀ fún yín. Gbogbo wa wà láàyè. Àgbà nínú àwọn ọmọ mi ti wọ yunifásítì níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òrùlé yàrá yín tó ń jò, ẹ̀gbọ́n mi ti tún un ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé, títí kan ọkọ mi.

Mo ti ń sáré, Bàbá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá rán mi lọ sí ọjà Akẹ̀sán nígbà tí mo wà lọ́mọdé, màá ti jókòó sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó padà. Lẹ́yìn tí a sin yín ni dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ti ru, pé kí n máa rìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí pápá ilé-ìwé wa ká nírọ̀lẹ́ tí mo bá ti parí iṣẹ́. Ìrìn di ìsáré. Kí n tó mọ̀, èmi àti tíṣà méjì mìíràn ti forúkọ sílẹ̀ fún máratọ́ọ̀nù, eré ọlọ́nà jíjìn tí wọ́n ń sá l’Ékòó. Ẹni tó ń kọ́ wa sọ pé kí ọjọ́ náà tó pé, oníkálukú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá sá kìlómítà ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, kí ara lè mọ ohun tó ń bọ̀.

Àwọn yòókù sá tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mo sọ pé Ọ̀yọ́ ni màá sá lọ. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà yín ni màá ti dúró, níbi tí ẹ máa ń jókòó sí tí ẹ bá ń rán awọ tìmùtìmù. Mo fẹ́ kí ẹ rí mi. Mo fi fóònù sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó máa retí mi, pé ẹsẹ̀ ni mo ń fi bọ̀. Ó ní, “Ṣé kò sówó mọ́tò ni?”

Mo kírun àárọ̀, mo mu tíì tí mílíìkì rẹ̀ pọ̀, mo ní kó lè fún mi lágbára. Mo wọ mọ́tò ní gáréèjì Takie, mo sì ní kí dírẹ́bà já mi sílẹ̀ níbi tó ku kìlómítà ọgbọ̀n sí Ọ̀yọ́. Ó wò mí nínú dígí.

“Ìyáàfin, igbó ni ibí yìí o. Ṣé kò sí nǹkan?”

“Kò sí nǹkan. Mo fẹ́ sáré ni.”

Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi kí mọ́tò tó lọ tán.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn, Bàbá. Ìrì ṣì wà lórí koríko, ojú ọ̀nà dá. Àwọn ọlọ́kadà ń dẹ eré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń bi mí pé, “Mọ́mì, ta ló ń lé yín?” Èmi náà ń juwọ́ sí wọn. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo ń gbéraga. Mo ti ń ro bí màá ṣe sọ ọ́ ní yàrá àwọn tíṣà lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Mo ti sá kọjá ìdajì nígbà tí inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo rò pé á lọ. Kò lọ. Àwọn ènìyàn wà nínú oko lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ojú tì mí láti yà. Mo rí abúlé kan lọ́ọ̀ọ́kán, mo ní kí n dé ibẹ̀ kí n bèèrè ṣáláńgá. Mo ń sáré, mo ń fún ara mi pọ̀. Kí n tó dé ilé àkọ́kọ́, ó ti bọ́.

Mo ṣu sára, Bàbá. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ pọ́n ọn lé. Èmi, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, tí odindi kíláàsì ń dìde kí.

Mo lọ dúró sẹ́yìn ògiri ilé kan bí olè. Ìyá àgbà kan jáde pẹ̀lú abọ́ gbágùúdá lọ́wọ́. Ó wò mí, ó gbóòórùn mi, ó gbé abọ́ sílẹ̀.

“Wọlé, ọmọ mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sún mọ́ mi.”

“Mo ti tọ́ ọmọ, mo sì wẹ ọkọ mi títí tó fi kú. Wọlé jàre.”

Ó mú mi lọ sí balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó pọn omi wá, ó mú ọṣẹ wá. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí n wẹ ara mi, ṣùgbọ́n pajápajá ti mú mi ní itan méjèèjì, mi ò lè tẹ̀. Ìyá náà ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ mí láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. Èmi kọjú sí ògiri.

Ibẹ̀ ni mo ti rí yín.

Ẹ rántí àwọn oṣù tó gbẹ̀yìn yẹn, lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ mú yín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ń tọ́jú yín láàárín ọ̀sẹ̀, èmi a wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹ̀kán omi àlùwàlá ta sí aṣọ yín. Bí mo bá ti ń tú aṣọ yín báyìí, ẹ ó kọjú sí ògiri, ẹ ò sì ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí màá fi lọ. Mo máa ń gbọ́ tí ẹ bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó bá gbé oúnjẹ wá. Èmi tí mo wẹ̀ yín, ẹ ò sọ “o ṣeun” fún mi lọ́jọ́ kan. Mo máa ń sunkún nínú mọ́tò tí mo bá ń padà. Mo sọ fún ọkọ mi pé bàbá mi ò fẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ kú tán, mo ṣì ń gbé e kiri. Mo ń tọrọ àforíjìn fún yín lórí ẹní ìrun, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò nínú mi.

Ìyá náà bi mí bóyá omi náà tutù jù. Mi ò lè dáhùn. Ó bi mí pé kí ni orúkọ mi. Mi ò lè dáhùn. Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀. Ní wákàtí yẹn, kò sí ẹni tó sàn fún mi jù ú lọ láyé, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ kí n tún fojú kàn án mọ́.

Ṣé bó ṣe rí fún yín nìyẹn, Bàbá? Ṣé ẹ máa ń retí mi ní Sátidé, kí ẹ sì tún máa fẹ́ kí n má wá?

Ó fún mi ní ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ tó ti kú, èyí tó fẹ̀, tó ń lo okùn. Òun ló bá mi so ó bí ẹni ń so ó fún ọmọdé. Ó fún mi ní omi tó ní iyọ̀ àti ṣúgà. Mo mu ún, mo gba ọ̀rá tó kó aṣọ mi sí, mo sì jáde. Mi ò dúpẹ́. Mi ò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò wọ mọ́tò. Mọ́tò ń kọjá. Mo rò pé wọ́n á gbóòórùn mi ni. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá yìn mí pé mo sá eré yẹn parí, ìtìjú ló sá apá tó kù, kì í ṣe èmi. Mo fi ìbòrí bo ojú, mo ń sáré, mo ń rìn, mo ń sáré. Nígbà tí mo dé ìgboro Ọ̀yọ́, àwọn ọmọ ń fi ṣòkòtò mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gba ẹ̀yìn ọjà Akẹ̀sán kí àwọn tó mọ̀ yín má baà mọ̀ mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dúró sójúde. Ó pàtẹ́wọ́, ó yà mí ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí wàsáàpù. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá.

“Ṣòkòtò ta nìyí?”

Mo ní ẹ̀gún ló fa tèmi ya, pé mo ra èyí lójú ọ̀nà.

Ẹnu ọ̀nà yín ni mo ti sọ ọ́. Mo ti gbèrò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ pé màá gbé eré yìí wá fún yín, irọ́ ni mo sì kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Mo jókòó sí àyè yín. Nígbà tó ku èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìkan, mo bi í ṣé ẹ máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ń wẹ̀ yín.

Ó ní, “Bàbá? Wọn kì í sọ̀rọ̀ rárá. Fún oúnjẹ nìkan ni wọ́n máa ń kí mi.”

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fọ ṣòkòtò náà, mo lọ̀ ọ́, mo ra búrẹ́dì àti ṣúgà, mo sì wọ mọ́tò padà sí abúlé yẹn. Ìyá náà àti àwọn obìnrin ibẹ̀ jókòó yí òkìtì gbágùúdá ká, wọ́n ń bó o fún gààrí. Mo kí wọn. Kò dá mi mọ̀ nínú aṣọ mímọ́.

“Ta lẹ ń bèèrè?”

Ó rọrùn kí n sọ pé mo kàn wá dá aṣọ padà ni. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo kúnlẹ̀.

“Èmi ni obìnrin tó ṣu sára ní Sátidé tó kọjá, tí ẹ wẹ̀, mà. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ojú ló tì mí.”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn wolẹ̀. Ìyá náà gba ṣòkòtò, ó tú u, ó fi ìka tọ ojú ibi tí mo ti lọ̀ ọ́.

“O tiẹ̀ lọ̀ ọ́. Ọkọ mi ò wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ rí.” Ó gbé e lé itan. “Ibi tí ò ń sá lọ yẹn, ṣé o dé ibẹ̀?”

“Mo dé ibẹ̀, mà.”

“Ó dáa. Wá ibì kan jókòó sí.”

Ó na ọ̀bẹ kan sí mi. Mo bá wọn bó gbágùúdá títí di ọ̀sán. Ọwọ́ mi ò yá, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò tíì sọ òótọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Fọ́tò yẹn ṣì wà lórí fóònù gbogbo ẹbí, wọ́n ṣì ń kọ “Máṣáálà” sábẹ́ rẹ̀, mi ò sì lè wò ó. Màá sọ fún un tí mo bá wá nígbà Iléyá. Eré ti Èkó kù díẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n màá sá a. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ wíwẹ̀ yẹn, Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín níbẹ̀ mọ́. Kò sí ọpẹ́ tí mo tún ń retí. Ká ní ẹ ṣì wà ni, ní Sátidé yìí màá wá, màá gbé omi gbígbóná kalẹ̀, ẹ ó kọjú sí ògiri, èmi náà á sì dákẹ́.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín.