Ẹja Tó Lọ Ya Fọ́tò ní Ọsibítù

Ìlárá Rẹ́mọ,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 1983.

Àtinúkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Èkó ò ní mú ọ, òkun tí o ń ṣiṣẹ́ létí rẹ̀ ò ní gbé ọ lọ, lọ́lá Jésù. Àwa náà wà, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi jà bí òjò bá ṣú.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á fúnra mi. O ní ẹ gbé àkùrákudà, ẹja òkun eléyín mímú, àti ẹja pẹlẹbẹ onírù pàṣán yẹn lọ sí ọsibítù, ẹ fi ẹ̀rọ ẹ́síréè ya egungun wọn, torí egungun wọn ò le, ó rọ̀ bí etí èèyàn, ohun tí ẹ sì ń wádìí ní yunifásítì nìyẹn. Ó yé mi. Ohun tí kò yé mi ni ẹni tó gba káàdì fún ẹja. Jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó gba iwájú aláìsàn lórí ìlà o, ẹja tó ti kú ò kánjú mọ́.

Fọ́tò ẹja pẹlẹbẹ tí o fi ránṣẹ́, mo ti fi férémù sí i, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá rẹ tó ti sùn. Ìyá Ìjọ wá kí mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ta ni nínú ẹbí rèé. Kí n tó ṣàlàyé tán wọ́n ti kúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kó dá apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ padà fún un. Mo ṣe àmín. Àdúrà kì í ṣòfò.

Ṣùgbọ́n Bàbá Dúrótìmí, àbúrò bàbá rẹ, kò gbàdúrà ní tiwọn. Wọ́n ní oko obì bàbá rẹ tá a fi ń rán ọ lọ sílé ìwé, àwọn máa gbà á padà lọ́jọ́ Sátidé níwájú ẹbí. Wọ́n ní àwọn rò pé dókítà èèyàn lo fẹ́ dà, àṣé ẹja lò ń tọ́jú, irọ́ gbáà sì ni, Ọlọ́run ò dá àkùrákudà tí egungun rẹ̀ ò le. Mo ní kò burú. Mo sọ nínú mi pé oko yẹn ò ní kúrò lọ́wọ́ wa níṣojú mi.

O mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á kó egungun jọ sí etí àwo, wọ́n á pe àwọn ọmọdé wá gbà á, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé àgbà ló jẹun. Ni mo bá wọ mọ́tò lọ sí Ṣàgámù, mo bá Wúlẹ̀mọ̀tù ẹlẹ́ja, mo ra àkùrákudà kékeré, yíyan. Mo ná an títí ó fi ní ahun ni mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ahun tó lọ́mọ ní yunifásítì. Lọ́jọ́ Sátidé mo fi se ìkọ́kọrẹ́, mo gbé e síwájú wọn kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n run ún wómúwómú, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n pe àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ nawọ́. Bàbá Dúrótìmí wo àwo, wọ́n gbé àwo sókè wo abẹ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní egungun ẹja yìí dà. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ti jẹ ẹ́, bàbá, egungun àkùrákudà ni, òun náà ni Àtinúkẹ́ ń yà ní fọ́tò. Bàbá Ọláníyọnu tó jẹ́ olórí ẹbí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo ilé bá gbà á. Bàbá Dúrótìmí gbé àwo kalẹ̀. Wọ́n ní kí oko obì wà bó ṣe wà títí o ó fi parí, ṣùgbọ́n kí n má tún gbé irú ẹja bẹ́ẹ̀ síwájú àwọn lójú ọmọdé mọ́.

Torí náà fi owó ẹja ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ti epo tí mo fi sè é. Olúdọ̀tun dírẹ́bà ni kí o fún, má gbé e gba báńkì, wọ́n á ní kí n mú fọ́tò wá, fọ́tò tuntun kan ṣoṣo tó wà nílé, ti ẹja ni. Bí ẹ̀rọ ẹ́síréè yẹn bá sì ráàyè, bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ya orúnkún mi. Kò ní rùn bí ẹja.

Má wálé láìparí o. Egungun àkùrákudà rọ̀, síbẹ̀ gbogbo ẹja òkun ló ń sá fún un. Bẹ́ẹ̀ ni tìrẹ á rí. Wọn ò ní rí tìrẹ ṣẹ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Morónkẹ́ Olúsànyà.