Igi Tó Ń Tẹ̀ àti Ọkọ́ Bàbá Rẹ

Adúmáadán mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Kí ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ níbẹ̀ má gbóná mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Gbogbo wa nílé wà dáadáa, àfi èmi nìkan tí ara mi ò lélẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti pè. Mo jókòó, mo dìde, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo tún padà. Ìyá rẹ ní kí n yéé fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀ fún òun.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá gọ́ọ̀fù rẹ ni. O ní ẹni tó ń ta ọ̀pá ní kí o gbá bọ́ọ̀lù níwájú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì ní apá rẹ ò yá, pé igi ọ̀pá tí ò ń lò wúwo, ó sì le jù fún ọ, ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù fi ń yà sọ́tùn-ún. Ó ní kí o mú èyí tó fúyẹ́, tó sì ń tẹ̀, kí ìdíje tí wọ́n máa fi gbà yín síṣẹ́ gọ́ọ̀fù gbígbá tó dé. Ọmọ mi, kí ló ṣe ọ́ lápá? Ṣé ò ń jẹun? Nígbà tí ẹ̀rọ rí àìsàn, kí ló dé tí kò kọ oògùn, tó jẹ́ igi ló ní kí o lọ rà? Bí o bá tún dé ibẹ̀, fi fọ́tò mi hàn án, kó bá mi wo orúnkún.

Igi tó bá ń tẹ̀, igi tútù ni lójú tèmi, wọ́n fẹ́ rẹ́ ọ jẹ ni. Ni mo bá pinnu pé igi ọkọ́ mi, èyí tí mo jogún lọ́wọ́ bàbá mi, ni màá fi ránṣẹ́, kí wọ́n fi irin ọ̀pá rẹ bọ ìdí rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé mo ti ń yangàn lọ́dún yìí pé agbára mi ti padà, torí mò ń kọ ebè títí ọ̀sán láìsinmi.

Mo gbé ọkọ́ lọ bá alágbẹ̀dẹ pé kó bá mi yọ igi náà. Ó wo ọkọ́, ó wò mí, ó ní igi bàbá mi kọ́ lèyí. Ó ní ìyá rẹ ló gbé e wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pé kí òun fi igi tó fúyẹ́ sí i, kí òun sì yí i nínú èéfín kó lè jọ ti àtijọ́, torí ó ti ń wo bí mo ṣe ń gbé ọkọ́ sókè, apá mi ò yá mọ́.

Mo délé, mo bi í. Kò tilẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Agbára yín ò dín kù lójú tèmi. Igi yẹn ni ò mọ̀ pé ẹ ti dàgbà." Igi bàbá mi ló fi ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Inú bí mi, ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí.

Nítorí náà, ra èyí tó ń tẹ̀. Ìka ò dọ́gba, apá náà ò lè dọ́gba. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi gbá bọ́ọ̀lù dáadáa kí o tó sanwó.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, má sì dárúkọ owó náà lórí fóònù, torí ìyá rẹ ló máa ń gbé e. Láàárọ̀ yìí, mo dúró wò ó lóko. Ọkọ́ tiẹ̀ náà ti wúwo fún un. Mo ti bá alágbẹ̀dẹ sọ̀rọ̀, ó ṣì ní èéfín.

Ọwọ́ tí o bá gbé sókè lọ́jọ́ náà kò ní wálẹ̀ lófo.

Èmi ni, bàbá rẹ.