Ọmọ-ọmọ Wa Tó Gba Ipò Kìíní ní Midrand

Láolú ọmọ mi,

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá ọ nílẹ̀ òkèèrè níbẹ̀, ire ni yóò máa bá ọ. Robot tí o ní ó tan iná pupa, tó dá ọ dúró lójú pópó lọ́nà Randburg títí o fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́, a ti gbé e sínú àdúrà, kò tún ní dá ọ dúró mọ́ láéláé. Ara èmi le, orúnkún bàbá rẹ nìkan ni kò jẹ́ kó lè kúnlẹ̀, ìjókòó ló fi ń gbàdúrà báyìí.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò kéré. Nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù lóṣù tó kọjá, o ní mai gẹ́ẹ̀lì rẹ gba ipò kìíní ní Midrand, pé adájọ́ yẹ àyà rẹ̀ wò, ó yẹ itan rẹ̀ wò, ó ní kò sí èyí tó dára tó o. Afusat tó ń ta káàdì fóònù ló túmọ̀ rẹ̀ fún wa pé ọmọbìnrin rẹ lo ń wí. Mo sunkún ayọ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí a ti ń wá ìyàwó tó máa bímọ fún ọ. Itan ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò kò dùn mọ́ bàbá rẹ, síbẹ̀ a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a pa ewúrẹ́, wòlíì sì sọ ọmọ náà ní Ìbíjọkẹ́, orúkọ ìyá bàbá rẹ.

Àfi bí ohùn kejì ṣe dé. O ní o fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ bàbá tó bí i, kí ẹwà náà má baà jáde nínú ìran, pé bí gbogbo yín ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Bàbá rẹ ṣí fìlà. A pe ẹbí jọ. Olúdáre àbúrò bàbá rẹ ní àkàwéjù ló fà á. Wọ́n ní kí èmi wá gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ, mo sì ti ń di ẹrù nígbà tí àwòrán dé: adìyẹ kan, rìbọ́ọ̀nù lára àgò rẹ̀, ọkùnrin kan nínú ẹ̀wù funfun bíi ti dókítà dì í lẹ́sẹ̀ mú, o sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ló borí nínú ìdíje adìyẹ.

Inú wa kọ́kọ́ dùn pé adìyẹ ni. Bàbá rẹ tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n o tún wí pé ọṣẹ ìfọrun lo fi wẹ̀ ẹ́, o fi ẹ̀rọ àwọn onídìrí mú ìyẹ́ rẹ̀ gbẹ, o sì gbàyè níbi iṣẹ́ nígbà tó ń wúkọ́. Bàbá rẹ wá ń béèrè bóyá iṣẹ́ tó fún ọ láyè nítorí adìyẹ náà ni iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí o wá wo orúnkún òun. Ó ní Fèyíkẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe ìyàwó rẹ, tí o kọ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, òun ò mọ̀ nígbà náà pé bí adìyẹ lo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Fèyíkẹ́ ti bí ìbejì fún ẹlòmíràn báyìí, ẹsẹ̀ tín-ín-rín náà ló fi ń rìn káàkiri.

Wòlíì ní orúkọ tí a fi àdúrà sọ kì í padà. Nítorí náà, Ìbíjọkẹ́ ni adìyẹ yẹn ń jẹ́. Jọ̀wọ́, má tà á fún àwọn olóúnjẹ Yeoville. Bàbá rẹ ní òun kò gbọdọ̀ gbọ́ pé wọ́n ti dín ìyá òun.

Fi owó ránṣẹ́ ká fi ra ewúrẹ́ míì dá padà, ẹni tí a yá èyí tí a pa lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń wò wá lójú. Ọlọ́run yóò fi ọmọ tó máa pè mí ní Màmá Àgbà ta ọ́ lọ́rẹ, èyí tí ń sunkún lóru, tí kì í yé ẹyin. Àmín.

Èmi ni,
ìyá rẹ.