Èyí Tó Ń Pa Ara Rẹ̀

Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, nílé wa.

Ayọ̀mikún ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le, ṣé o sì ń jẹun dáadáa ní Ìbàdàn? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n sunkún rẹ. Fóònù ì bá yá ju lẹ́tà lọ, àmọ́ ògiri ilé wa fẹ́lẹ́, orí fóònù náà ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí sì ti bẹ̀rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí o gbé wá kí n máa fi tẹ ìwé fáwọn èèyàn, ó ní ìwà kan. Bí mo bá lọ wo ìkòkò lórí iná, kí n tó dé, ojú rẹ̀ á ti ṣú. Mo rò pé ó ń bínú pé mo fi òun sílẹ̀ ni, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ oníbàárà, mo pe Irewọlé tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò bínú, wọ́n ṣe é kó máa sùn fúnra rẹ̀ ni kó má baà jẹná, tó bá sì pẹ́ tẹ́nì kan ò fọwọ́ kàn án, á kú pátápátá. Ó ní a lè yí i padà, kó jẹ́ èmi ni n ó máa pa á. Kò gbọ́ mi dáadáa, mo wá ń pariwo sí i pé mi ò fẹ́ kó máa pa ara rẹ̀ mọ́, pé ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ máa fi pa á.

Ìyá àgbà wà lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí. Wọn ò tiẹ̀ rò ó pé n kì í pe ọmọ wọn ní "ó". Wọ́n da ẹ̀gúsí nù, wọ́n sá wọ yàrá bàbá rẹ, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí wọ́n bí, wọ́n ní Àkànó, má pa ara rẹ, tìtorí ọmú tí o mu. Mo sáré tẹ̀lé wọn kí n lè ṣàlàyé, ẹ̀rín ti kún ẹnu mi.

O mọ̀ pé látìgbà tí ìjà ilẹ̀ àwa àti Ìlọ́bù ò ti jẹ́ kí bàbá rẹ dé oko kòkó wọn mọ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo rò pé wọ́n máa jágbe mọ́ wa ni. Wọn ò jágbe. Wọ́n wo ìyá àgbà, wọ́n wò mí, wọ́n wá rọra béèrè pé ta ló sọ fún wa.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Bàbá rẹ sunkún, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń rò ó.

Mo ti mú wọn lọ rí nọ́ọ̀sì. Ó ní dókítà tó ń tọ́jú irú rẹ̀ wà l'Òṣogbo, ká má sì fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan. Irewọlé ti tún kọ̀ǹpútà náà tò, ojú rẹ̀ lè sùn fúnra rẹ̀, àmọ́ kò ní kú àfi tí mo bá pa á. Yàrá bàbá rẹ ni mo gbé e sí, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá wà nílé ìdáná, àwọn ni wọ́n ń fọwọ́ kàn án kó má sùn.

Jọ̀ọ́, wá owó ọkọ̀ Òṣogbo ránṣẹ́ sí wa, ìwọ náà sì wá lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Má sọ pé mo kọ̀wé, sọ pé oúnjẹ ilé ló ń wù ọ́. Jókòó tì wọ́n, kódà bí wọn ò bá fèsì.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà. Wàá dé, wàá sì bá gbogbo wa nílé.

Èmi ìyá rẹ,
Dinah.