Òkúta Sókótó Tí Mo Fọ̀

Akọ̀wé ilé wa,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àpótí ìdáná ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ọ́. Ṣé ara yín le ní yunifásítì tí ẹ ti ń kọ́ nípa òkúta? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yẹ̀ lórí òkè tí ẹ ń gùn kiri, àmín. Èmi Mùjíbátù ni, ìyàwó tí bàbá yín gbé ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ní ìdánwò ni kò jẹ́ kí ẹ wá síbi yìgì, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò ní pè yín ní Rilwan, torí ẹ ti wà nínú ilé yìí kí n tó dé, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Akọ̀wé ni mo fi ń pè yín. Bí kò bá dùn mọ́ yín, màá wá òmíràn.

Bàbá yín wà dáadáa. Ẹ̀gẹ́ wa ta, ewúrẹ́ abilà ti bí ìbejì. Fọ́tò yín inú fóònù bàbá yín nìkan ló ń kọ mí lóminú. Látìgbà tí mo ti dé, ṣẹ́ẹ̀tì pupa kan náà lẹ wọ̀, orí àpáta kan náà lẹ dúró sí, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Mo bi bàbá yín pé ṣé ẹ kì í sọ̀ kalẹ̀ jẹun ni, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an, mi ò tíì lè sọ ọ́ fún bàbá yín. Àpò òkúta tí ẹ kó bọ̀ láti Sókótó, tí ẹ gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n tó dé, tí ẹ ní ẹ ó wá gbé lópin oṣù fún iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi gba sátífíkéètì, mo fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ju lẹ́tà sílẹ̀. Eruku ló bò wọ́n, mo sì fẹ́ kí ẹ dé kí ẹ ní ìyàwó bàbá yín mọ́ tónítóní. Mo rẹ wọ́n sínú omi ọṣẹ, mo lọ hú ẹ̀gẹ́. Òkúta tí èmi mọ̀ láti kékeré, a ń fi lọ ata, a ń gbé ìkòkò kà á lórí iná, òjò kì í mú un. Ìgbà tí mo dé, mẹ́rin nínú méje ti di ògì. Nọ́ńbà tí ẹ lẹ̀ mọ́ wọn ń léfòó. Ọ̀kan nínú àwọn tó kù ní ìkarahun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ nínú, mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo ti mú abẹ́rẹ́ láti fi tú u jáde kí ọkàn mi tó ní kí n dúró.

Mo sunkún tán, mo mú ìwé inú àpò náà lọ bá Àǹtí Hàjàrá, tíṣà abúlé wa, torí pírámárì mẹ́rin mi kò ká a. Wọ́n ní ẹ kọ ọ́ pé òkun ti wọ ilẹ̀ Sókótó rí. Mo ní ta ló lé e lọ. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lé e, ó fà padà fúnra rẹ̀, ẹrẹ̀ àti ìkarahun tó fi sílẹ̀ ló ń gun orí ara wọn títí tó fi di òkúta. Èyí tó kọ́kọ́ dé ló wà nísàlẹ̀, èyí tó dé kẹ́yìn ló wà lókè. Mo ní bí ilé ọkọ nìyẹn. Mo wá bèèrè pé ọjọ́ mélòó ni ẹrẹ̀ ọwọ́ mi yóò fi tún di òkúta. Wọ́n ní ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún. Mo ní ṣé kò lè dín díẹ̀ bí mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Wọ́n ní, “Mùjíbátù, lọ kọ lẹ́tà sí ọmọ náà.”

Mo da ẹrẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú abọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi sìn mí wálé ọkọ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà nínú àpò. Abọ́ tán nílé, inú ìkòkò kan ṣoṣo lèmi àti bàbá yín ti jọ ń jẹun báyìí. Bàbá yín rò pé ìfẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó abọ́ méjì rán Sàníù ọlọ́kadà tó mú lẹ́tà yìí wá, kó tó yé wọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó ọkọ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ yín, ẹ fi wọkọ̀ wálé.

Màmá yín, kí Ọlọ́run fi Àlìjánnà kẹ́ wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ dé ilé yìí, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ lé wọn. Èmi dé kẹ́yìn. Mi ò wá bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbé mi dúró. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí olùkọ́ yín gba ẹrẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì bínú sí mi, torí ẹrẹ̀ tó dé kẹ́yìn, tó wà lókè pátápátá, kò tíì di òkúta, omi díẹ̀ ló máa wọ́ ọ lọ.

Èmi ni,
Mùjíbátù, ìyàwó ilé yín.