Àga Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Màmá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ń gbé àwòrán tí mo yà sórí ìkànnì tí wọ́n ti ń ta àwòrán. Mẹ́tàdínlógójì. Ẹni méjì péré ló rà. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rẹ́ mi ni — àánú ló ṣe é. Mo fẹjọ́ sun Ọ̀gá Fáìlì lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi tọ́jú fáìlì aláìsàn nílé ìwòsàn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ni mo bá sọ wọ́n lórúkọ. Wọn ò mọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Wọ́n ní kí n ka àkọlé àwọn àwòrán náà sí àwọn létí. "Ìmí Ọkàn." "Ìpàdé Òjìji." "Nínú Ìdákẹ́, Apá Kejì." Wọ́n wá béèrè ohun tó wà nínú Ìmí Ọkàn gan-an. Mo ní ife tíì ni.

"Ta ló ń wá ife tíì tó máa tẹ Ìmí Ọkàn?"

Mo ní kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ọ̀gá Fáìlì dé, pẹ̀lú gíláàsì ojú àti pẹ́ńsù tí wọ́n ti gbẹ́ lẹ́nu. Wọ́n jókòó ti kọ̀ǹpútà mi bí ẹni tí ìjọba rán wá yẹ iṣẹ́ wò.

Òfin wọn: kọ́kọ́ sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ta ni, kí ló ń ṣe, níbo ló wà, àwọ̀ wo ni. Bó ṣe ń ṣeni lọ́kàn, ẹ̀yìn ìyẹn ni. Ohun tí kò sí níbẹ̀, má kọ ọ́. Wọ́n ní tí èèyàn bá kọ "ara ò yá" sórí fáìlì nílé ìwòsàn, kò tíì kọ nǹkan kan. Ṣebí gbogbo ẹni tó wọbẹ̀ lara wọn ò yá.

Ni Ìmí Ọkàn bá di "Ife tíì funfun lórí tábìlì onígi, oòrùn àárọ̀". Ìpàdé Òjìji di "Kẹ̀kẹ́ méjì tí wọ́n gbé ti ògiri pupa". Ó dùn mí wọra. Àfi bíi pé wọ́n bọ́ aṣọ lára ọmọ mi láàárín títì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Kẹ̀kẹ́ méjì ti tà — ẹni tí mi ò mọ̀ rí ló rà á. Mi ò tíì sọ fún Ọ̀gá Fáìlì, ẹnu wọn ò ní gbélé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo sọ fún wọn. Ẹnu wọn ò gbélé.

Àmọ́ mo ti ń gbádùn iṣẹ́ yìí. Tẹ́lẹ̀, bíi lọ́fínńdà ni mo ṣe mú àkọlé: màá yàwòrán tán, màá fín in sí i. Nísinsìnyí mo ní láti wá ọ̀rọ̀ ìṣàwárí mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí oníbàárà máa tẹ̀ láti fi wá àwòrán, n ò sì lè rí mẹ́wàá láìjókòó wo iṣẹ́ ara mi pẹ́. Lónìí ni mo rí i pé obìnrin tí mo yà sí ibùdókọ̀, mi ò ya ọwọ́ fún un. Ọdún kan ni mo ti ń gbé àwòrán yẹn kiri!

Ohun mìíràn tún wà tó ń wá sí mi lọ́kàn. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tèmi. Tẹni tí mi ò mọ̀ ni. Ó jókòó síbì kan, nǹkan wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò rí bó ṣe máa pè é, ó fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Kí n ṣáà ti dúró síbi tó máa bá mi ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo ya yàrá Màmá. Ọdún méjì ti pé tí wọ́n ti kú, mi ò fọwọ́ kàn án rí. Inú ìrántí ni mo ti yà á: ibùsùn, aṣọ ìbora onílà àwọ̀ ewé, fèrèsé, Màmá tí wọ́n kọjú sí ògiri, àga onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kò sẹ́ni lórí àga.

Mi ò dúró de Ọ̀gá Fáìlì. Mo fúnra mi kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin: "Ìyá àgbà nìkan lórí ibùsùn, àga òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀". Ọ̀rọ̀ ìṣàwárí: ìyá àgbà, ibùsùn, aṣọ ìbora, fèrèsé, ògiri, àga òfìfo, ọjọ́ ogbó, àìsàn, àdáwà, ìpatì. Mo wò ó, ó wù mí, mo gbé e sórí ìkànnì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹni mọ́kàndínlógún ló ti ra ẹ̀dà rẹ̀! Ní ọjọ́ mẹ́ta! Lẹ́tà tún wọlé. Ẹgbẹ́ kan tó ń gbèjà àwọn arúgbó fẹ́ gbé yàrá Màmá sórí pátákó ńlá ẹ̀gbẹ́ títì, kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé "Kò sẹ́ni tó wá wò wọ́n". Àwọn nìkan ni kí n fún. Ọ̀rọ̀ náà "àdáwà" ni wọ́n tẹ̀ tí wọ́n fi rí mi.

Mo jó nínú ilé ìdáná, èmi nìkan. Mo fi àwòrán àti lẹ́tà ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Fáìlì lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n ti rí i. Wọn ò fèsì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́n wá. Wọn ò jókòó. Báàgì wà léjìká wọn títí.

Wọ́n béèrè pé ta ló dá wà. Mo ní, Ẹ̀gbọ́n mi, àwòrán lásán ni. Wọ́n ní àwọn ò bi mí bóyá àwòrán ni, ta ló dá wà?

"Àga yẹn ò ṣófo rí. Oṣù mẹ́rìnlá. Orí ẹ̀ ni mo ti ń jẹun, orí ẹ̀ ni mo ti ń sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì tó o yọjú, ta lo bá níbẹ̀?"

Mo ní, ẹ̀yin ni.

"O wá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì pé kò sẹ́ni tó wá wò wọ́n."

Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún wọn, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò lè sin wọ́n sọ́nà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mi ò ṣiṣẹ́. Mo ń ronú nípa àga.

Kí ló dé tí mo fi rántí rẹ̀ lófìfo? Ó yé mi nígbà tí mo ń fọ abọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì tí mo wá láti ibi iṣẹ́ mi lọ́nà jíjìn yẹn, bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ni Ọ̀gá Fáìlì máa dìde. "Wá jókòó ti Màmá." Wọ́n á bọ́ sẹ́yìn. Èmi ò sì jókòó. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí pẹ̀lú báàgì mi, tí mo ń wo àga tí wọ́n dìde nídìí rẹ̀ fún mi.

Ibi tí mo dúró sí náà ni mo ti ya àwòrán yẹn.

Àti "àdáwà" yẹn — tèmi ni. Èmi tí mo wà lọ́hùn-ún, tí mo ń pa fóònù tí mo bá rí i pé ilé ló ń pè. Mo gbé tèmi kọ́ Màmá lọ́rùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ yẹn pé kò ní ṣeé ṣe, mo ní àkọlé náà kì í ṣòótọ́. Wọ́n fèsì tẹ̀yẹtẹ̀yẹ: ṣé n ò kàn lè yí àkọlé padà ni? Àwòrán làwọn nílò.

Mo rò ó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo lè yí i. Àmọ́ àga á ṣì ṣófo, ojú ẹni tó bá wò ó á fúnra rẹ̀ kọ ìyókù.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo yọ ọ́ kúrò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo lọ sílé Ọ̀gá Fáìlì. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí n wọlé jàre, ẹ̀fọn ń wọlé.

Mo sọ pé mo ti yọ ọ́. Wọ́n ní "O ṣeun." Wọ́n ń ká aṣọ tó gbẹ, mo bá wọn ká a. Bá a ṣe mú etí aṣọ ibùsùn kan, àwọn lọ́hùn-ún, èmi níhìn-ín, mo bi wọ́n léèrè ohun tí mi ò bi wọ́n láti ọdún méjì. Mo ní, Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ló ṣe rí?

Wọ́n sọ ọ́. Gbogbo ọ̀sán. Bí Màmá ṣe kórìíra ọbẹ̀ wọn. Bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tí bàtà dókítà tó ń wá wo Màmá bá ń dún. Àwọn ọjọ́ tí kò sẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní nígbà tó kù díẹ̀ kí Màmá kú, Màmá ò dá àwọn mọ̀ mọ́. Orúkọ tèmi ni Màmá ń pè. Màmá á na ọwọ́ sórí àga yẹn, wọ́n á ní ṣé o ti dé, ọmọ mi.

Mo béèrè ohun tí wọ́n sọ fún Màmá.

Ọ̀gá Fáìlì gba aṣọ ibùsùn lọ́wọ́ mi, wọ́n tún etí rẹ̀ ṣe.

"Mo ní mo ti dé. Kí ni kí n sọ? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jẹ́ ìwọ."